Ilé ìtẹ̀wé Àlájì ní Ṣómólú: iṣẹ́ rẹ̀ dán, ṣùgbọ́n ta ni "chief launcher" yín?

Ẹ jẹ́ kí n ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. Ìwé tí mo kọ ni mo lọ tẹ̀: ẹ̀dà 500, ojú ìwé 144, ìwọ̀n A5. Bébà bond 80 gram nínú, káàdì 300 gram fún èèpo, lamínéṣọ̀n tí kì í dán yinrin lórí rẹ̀, perfect binding lẹ́yìn, ìyẹn ni pé gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, ẹ̀dà kan bọ́ sí nǹkan bí ₦1,900. Mo ti kọ́kọ́ bi àwọn atẹ̀wé léèrè ní Abẹ́òkúta níbí àti ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn. Iye tí wọ́n pè jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Bí mo ṣe wọ rélùwéè ní Láderin nìyẹn, mo sọ̀ ní Alágọ́mẹjì, mo bá kẹ̀kẹ́ Márúwá dé Ṣómólú. Àwa ará Abẹ́òkúta, tí Townsend, míṣọ́nárì òyìnbó nì, ti ń tẹ ìwé ìròyìn fún láti ọdún 1859, àwa náà la ń wọkọ̀ lọ tẹ̀wé l'Ékòó báyìí. Ẹ má bi mí ìdí.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìtẹ̀wé náà síbí, torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ láti rò mọ́ ìyìn tí mo fẹ́ yìn wọ́n. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ti Àlájì.

Ẹni tó bá mọ agbègbè Shipeolu àti Bajulaiye á mọ̀ pé iṣẹ́ ìwé ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀, òun náà ni wọ́n ń mu. Ọmọlanke tó ru bébà á fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ọ lápá ọ̀tún, obìnrin tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà á máa ká ètò ìsìnkú lápá òsì, Heidelberg tókunbọ̀ tó ti Jámánì wá á máa dún gbàmù-gbàmù nínú ilé, òórùn tàdáwà àti bẹntiróò tí wọ́n fi ń fọ rólà á sì gba afẹ́fẹ́ kan. Ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ni ti Àlájì wà. Lórí tábìlì rẹ̀, kàlẹ́ńdà mọ́sáláṣí wà lórí ìwé àṣàrò òwúrọ̀ àwọn Onítẹ̀bọmi, wọn ò sì bára wọn jà.

Ìtàn àròsọ ni ìwé mi. Ìyá kan ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ìjọ kan l'Ábẹ́òkúta. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin gba aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, wọn ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá ń kọrin lọ. Arákùnrin kan nínú ìjọ wa tó bá mi kà á kó tó di títẹ̀ ní ó dùn o, ṣùgbọ́n ẹ̀rí ló kù: kí ọmọ náà gbé jíìpù wálé lójú ìwé tó kẹ́yìn, kí gbogbo ìjọ jó. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ ìyá tó ń retí títí dòní, tí jíìpù kankan ò tíì yà lójúlé rẹ̀, ó sì wà nínú ẹgbẹ́ akọrin wa lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Òun ni mo kọ ìwé yìí fún. Mi ò lè wá fi jíìpù ẹlòmíràn bú u.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìyẹn kí ẹ tó gbọ́ ohun tí Àlájì ṣe fún mi. Nígbà tí mo gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú ìwé 150 ni. Ó mú bébà funfun kan, ó ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní kí n ka ojú rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún. Ó ní bí máṣìnnì ṣe ń tẹ ìwé nìyẹn, mẹ́rìndínlógún mẹ́rìndínlógún, kì í gba bíntín.

"Màmá Tíṣà, 144 ni tàbí 160. Ẹ bá mi yọ mẹ́fà, àbí kí ẹ san owó mẹ́wàá tí ẹ ò kọ nǹkan kan sí."

Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti ṣí iwájú ìwé náà. Bí gbogbo ìwé ìjọ ti ń rí nílé wa ni tèmi rí: ojú ìwé kan fún fọ́tò Bíṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan fún ọ̀rọ̀ ìṣáájú látọ̀dọ̀ ẹni tó nípò, ìyókù fún ìdúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn Ọ̀túnbá, Yèyé Ìjọ àti Bàbá Ìsàlẹ̀, oyè wọn lẹ́sẹẹsẹ. Ó kà wọ́n. Wọ́n pé mẹ́fà géérégé. Ó wò mí, kò rẹ́rìn-ín, ó ní, "Màmá, ta ló ń ka èyí?" Mo ní kó yọ wọ́n. Ẹ ò lè rí atẹ̀wé tó máa gbà yín nírú ìmọ̀ràn yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé tí mo bá gbà fún 160, owó rẹ̀ ló máa lé sí i.

Ibi tí mo ti kọ́kọ́ fajúro ni yàrá gíráfíìkì. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ mọ iṣẹ́ o, ọwọ́ rẹ̀ yá lórí kọ̀ǹpútà, èèpo tó yà fún mi sì wuyì. Ṣùgbọ́n bó ṣe da ọ̀rọ̀ mi láti inú Word sínú CorelDRAW báyìí, gbogbo àmì ohùn sá lọ. Ẹ di e. Ṣ di àpótí kékeré òfìfo. Mo ní kí ló dé. Ó ní, "Màmá, wọ́n á mọ ohun tí ẹ ń sọ." L'Ékòó yìí kan náà, lọ́dún 1875, ni àwọn àgbà ìjọ ti jókòó tí wọ́n fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀, títí kan àmì tí à ń fi sábẹ́ lẹ́tà. Mo sọ fún un. Ó ní òun ò tíì wáyé nígbà yẹn. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò sún kúrò nídìí rẹ̀. Mo ti gbé fọ́ńtì Charis SIL sínú flash mi láti ilé, ọ̀fẹ́ ni, ó gba gbogbo àmì wa. Òun la fi tún un ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí prúùfù, ẹ̀dà àyẹ̀wò, jáde, àmì orí àwọn àkọlé orí tún ti fò lọ, torí fọ́ńtì tirẹ̀ ló lò fún àkọlé. A tún padà sídìí ẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n fi gbé iṣẹ́ sórí máṣìnnì ló bá èyí lọ. Tí ẹ bá ń kọ Yorùbá, ẹ gbé fọ́ńtì yín dání, kí ẹ sì ka prúùfù fúnra yín, pẹ̀lú àkọlé, pẹ̀lú èèpo, pẹ̀lú ẹ̀yìn èèpo.

Ẹ̀gbọ́n kan nínú wa, àwa tí à ń kọ̀wé ìgbàgbọ́, ní wàhálà mi pọ̀ jù. Ó ní Ẹ̀mí Mímọ́ á ṣí i payá fún òǹkàwé. Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Àwa Kristẹni la ni ín. A ó kọ ìwé kánmọ́-kánmọ́, a ò ní fún ẹnikẹ́ni bá wa tún un ṣe, a ó fi gọ́ọ̀mù tó máa yọ lẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n bá ṣí i dè é, a ó wá ní bó bá jẹ́ ẹyọ ọkàn kan ṣoṣo ló bá gbà là, ó tó wa. Ọkàn kan ṣoṣo yẹn, ṣé òun ni kó máa he ojú ìwé nílẹ̀? Nígbà tí Ọlọ́run máa kọ́kọ́ dárúkọ ẹni tí òun fi Ẹ̀mí òun kún fún Mósè, nínú Ẹ́kísódù orí 31, oníṣọ̀nà ni, Bẹsalẹ́lì, ẹni tó ń gbẹ́ òkúta tó ń fín igi. Mi ò rí i kà níbẹ̀ pé àgọ́ Ọlọ́run tó kọ́ wọ́ torí pé ọkàn ọ̀gá rẹ̀ mọ́.

Ẹ wá wo yàrá ẹ̀yìn, níbi tí wọ́n ti ń to ìwé pọ̀. Tábìlì gígùn kan ni, àwọn ọmọbìnrin mẹ́sàn-án yí i ká, ìpín kọ̀ọ̀kan nínú ìwé wà níwájú ẹnì kan. Ẹ ó mú, ẹ ó tì í sọ́dọ̀ ẹnìkejì, títí mẹ́sẹ̀ẹ̀sán á fi di odidi ìwé. Ọ̀kan nínú wọn, tó wọ híjáàbù aláwọ̀ ewé, ojú ìwé 49 sí 64 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ètè rẹ̀ ń mì. Ó ń kà á. Ojú ìwé 64 ni fóònù ìyá náà ti dún lóru, nọ́ńbà tí kò mọ̀, ọ̀rọ̀ sì gé síbẹ̀ láàárín. Nígbà tó gbọ́ pé èmi ni mo kọ ọ́, ó dìde, ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ọmọ yẹn ló pè?"

Mo ní ìpín kárùn-ún wà lọ́wọ́ ẹni tó jókòó tẹ̀lé e. Ó na ọwọ́ sí i, ó sì ń kà á lórí ìdúró. Ọ̀gá wọn jágbe mọ́ ọn pé ṣé wọ́n gbà á síṣẹ́ kó wá máa kàwé ni. Ní ilé ìtẹ̀wé o! Mo bẹ̀ wọ́n. Mi ò bi í ní ìjọ tàbí mọ́sáláṣí tó ń lọ, ìyẹn sì hàn ní orí rẹ̀ bákan náà. Ẹ̀dà kan tí gílọ́tììnì gé etí rẹ̀ wọ́, òun ni mo ní kí wọ́n fún un, ó sì ti fi sínú báàgì kó tó di pé mo parí ọ̀rọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn kan náà ni mánígà Àlájì pè mí sí ọ́fíìsì. Ọmọ kékeré tó gbọ́n, tó wọ súùtù nínú ooru Ṣómólú. Ó gbé bébà kan tí wọ́n lamínéètì sílẹ̀ níwájú mi: ètò ìfilọ́lẹ̀ ìwé, oríṣi mẹ́ta, ti fàdákà, ti wúrà, ti dáyámọ́ńdì. Pósítà, káàdì ìpè, báńà ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ìwé ètò, abẹ̀bẹ̀ tí fọ́tò mi wà lórí rẹ̀, àwo ìdánilọ́lá fún ẹni tó bá náwó jù, MC. Ẹni tó máa ṣe àlàyé ìwé náà lójú agbo, ó ní òun lè bá mi wá a, kò sì pọn dandan kó kà á tán. Ó ní tí mo bá ti kọ kókó mẹ́ta fún un, ó ti tó. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí ní ìbéèrè tó jẹ́ pé gbogbo òǹkọ̀wé tó bá wọ ibẹ̀ ni wọ́n ń bi.

"Màmá, ta ni chief launcher yín?"

Ẹni ńlá tó máa kọ́kọ́ náwó lé ìwé lórí lọ́jọ́ ìfilọ́lẹ̀ ló ń bi mí. Mo ní mi ò ní. Ó wò mí bí ẹni tó ní òun fẹ́ ṣèyàwó tí kò sì lẹ́bí. Ó ní, "Kí wá ni ìwé náà fẹ́ jẹ́?"

Mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ìfilọ́lẹ̀ ìwé. Èmi náà mọ ìdí tó fi wà. Ilé ìtàwé á gba ìwé rẹ lórí àwìn, wọ́n á ní kó o padà wá lóṣù tó ń bọ̀, oṣù tó ń bọ̀ á sì tún ní oṣù tirẹ̀. Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé Yorùbá ti ń rí owó bébà gbà padà, àwọn ẹlòmíràn sì ti fi kọ́ yàrá. Ṣùgbọ́n mo ti wà níbẹ̀ tó pọ̀ tó láti mọ bí ó ṣe ń rí. Wọ́n á pe ẹni ńlá, á ka ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìlù á dún, wọ́n á gbé ẹ̀dà kan lé e lọ́wọ́, wọ́n á yà á ní fọ́tò pẹ̀lú rẹ̀. Mo ti bá àwọn akóniwọlé ìjọ ṣa ìwé lábẹ́ àga lẹ́yìn irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, láàárín ike omi àti àwo jọ̀lọ́ọ̀fù. Orúkọ tí òǹkọ̀wé fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ fún wọn ṣì wà nínú àwọn mìíràn. Ìdajì owó tí wọ́n ṣèlérí kì í sì í wọlé; ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni o máa tún máa pàdé ẹni náà níbi ìgbéyàwó, tí ẹ ó jọ máa ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

Mánígà yẹn ò burú, iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ohun tó bà mí nínú jẹ́ ni pé ìbéèrè rẹ̀, inú ìjọ ló ti kọ́ ọ. Àwa la kọ́ ọ fún un. A ti sọ ọ́ di pé ìwé Kristẹni tó bá yọrí sí rere ni èyí tí àwọn ẹni ńlá jókòó tì, tí òǹkọ̀wé rẹ̀ sì ra mọ́tò tuntun láàárín ọdún; èyí tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó ní bóyá ó yẹ kó lọ gbàdúrà sí i. Tàbí kó kọ ọ̀kan lórí bí a ṣe ń dolówó. Irú ìyẹn kún inú ìsọ̀ ìwé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì gbà pé wọ́n ń tà.

Ẹni tí mo máa ń rò nígbà tí irú ọ̀rọ̀ yìí bá dé ni Bárúkù, akọ̀wé Jeremáyà. Ẹ lọ ka orí 36. Ọkùnrin yìí fi tàdáwà kọ gbogbo ohun tí wòlíì sọ sínú ìwé kíká, ó kà á sétí àwọn ènìyàn ní ilé Olúwa, wọ́n sì gbé e dé ààfin. Oṣù kẹsàn-án ni, òtútù ń mú, ọba Jèhóíákímù ń yáná. Bí wọ́n bá ti ka abala mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ọba á fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, á jù ú sínú iná, títí gbogbo ìwé náà fi jóná tán. Chief launcher àkọ́kọ́ tí mo rí kà nìyẹn o. Ọba ni, ó jókòó sórí àga ọlá, ó gbọ́ ìwé náà dé ìwọ̀n àyè kan, ó sì ṣe ohun tó wù ú sí i. Ọlọ́run ò sọ fún Bárúkù pé iṣẹ́ rẹ̀ kùnà, kò sì ní kó lọ wá ọba mìíràn. Ó ní kí wọ́n mú ìwé kíká mìíràn kí wọ́n tún un kọ. Wọ́n tún un kọ, wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ púpọ̀ bẹ́ẹ̀ kún un.

Orí 45 ló ṣòro fún mi. Bárúkù ń kérora, ó rẹ̀ ẹ́, Ọlọ́run sì bi í bóyá ohun ńlá ló ń wá fún ara rẹ̀, ó ní kó má wá a. Ẹ̀mí rẹ̀ nìkan ló ṣèlérí fún un, níbikíbi tó bá lọ. Mo ti gbọ́ ìwàásù tó pọ̀ lórí ìbùkún ọwọ́ akọ̀wé, mi ò tíì gbọ́ ẹyọ kan lórí orí kúkúrú yẹn. Ẹsẹ márùn-ún péré ni.

Ẹ sì wo Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ọdún 1850 ni ìwé Róòmù ní èdè wa jáde látọwọ́ rẹ̀. Odidi Bíbélì ò pé ní Yorùbá títí di 1884. Ó ti darúgbó nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ ń retí ìwé náà ti lọ.

Mo sọ fún mánígà pé ohun tí ìwé mi fẹ́ jẹ́ ni ₦3,000, kí obìnrin tó ń ta tòmátì l'Ítòkú lè rà á láì yáwó. Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rò pé ó rò pé mo ń ṣe ẹ̀fẹ̀ ni. Nígbà tó rí i pé mi ò ní gba ètò kankan nínú mẹ́ta yẹn, ó ní kí n kàn jẹ́ kí òun bá mi gba ISBN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé. Ìyẹn náà mo kọ̀, mo ti gbà á fúnra mi lọ́dọ̀ National Library. 978 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, 978 náà ni wọ́n tún fi tẹ̀lé e, torí nọ́ńbà ti Nàìjíríà ni, kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ má gbàgbé pé ẹ jẹ wọ́n ní ẹ̀dà mẹ́ta tí ìwé bá jáde. Òfin ni.

Ó ku ẹjọ́ méjì. Wọ́n pẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá kọjá, wọ́n ní pléètì ni, lẹ́yìn náà wọ́n ní iná ni, lẹ́yìn náà ẹni tó ń wa máṣìnnì lọ sí ìsọmọlórúkọ ní Ìjẹ̀bú. Ẹni tó ti dá ọjọ́ ìsìn tàbí ayẹyẹ, kó fi ọ̀sẹ̀ méjì kún ọjọ́ tí wọ́n bá dá fún un. Èkejì: nígbà tí mo délé tí mo tú páálí, mo rí àwọn ẹ̀dà mélòó kan tí ojú ìwé 97 sí 112 dorí kodò nínú wọn. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Àlájì fúnra rẹ̀ ló pè mí, kò jiyàn, kò ní kí n mú un wá kí òun wò ó. Ó tẹ òmíràn, ó sì san owó tí wọ́n fi gbé e wá fún mi. Ẹ̀yìn ìwé náà lágbára. Mo ti la ọ̀kan sílẹ̀ pẹrẹsẹ lórí tábìlì títí ó fi rọ̀, ewé kan ò já. Tàdáwà rẹ̀ dúdú dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kì í ya mọ́ ọwọ́ tó ń làágùn.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkarùn-ún, yàrá gíráfíìkì ló gbà á lọ. Páálí díẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àga ní pálọ̀ mi, mi ò ní í fi bò fún yín. Mo ń tà wọ́n díẹ̀díẹ̀, níbi ìpàdé àwọn obìnrin, ní ẹnu ọ̀nà ìjọ, fún àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ìyá inú ẹgbẹ́ akọrin wa ti gba tirẹ̀. Kò tíì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ fún mi, mi ò sì bi í.

Mo ti bá Àlájì sọ̀rọ̀ lórí èyí tí mò ń kọ lọ́wọ́, a sì ti fi 160 sí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Tí ẹ̀yin náà bá fẹ́ lọ, ẹ bi mí lábẹ́lẹ̀ kí n júwe ibẹ̀ fún yín. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ, kí iná tó lọ, ẹ má sì lọ lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn aago méjìlá. Àlájì á ti lọ kírun, mánígà nìkan lẹ máa bá, bébà oníwúrà yẹn ló sì máa kọ́kọ́ gbé jáde.